Àwọn Panápaná Tí Kò Lọ Sílé

Oṣù kejì ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ koríko Òkè Cordillera di ìṣáná,
bàbá mi sì ń wá bàtà rẹ̀ nínú fíríìjì.
Ó ní aago ti dún, Ẹgbẹ́ Kẹjọ ti gbéra,
òun nìkan ló kù tí yóò di rọ́bà omi mú.
Aago kankan ò dún.
Kẹ́tùlù ló ń súfèé lórí sítóòfù.

Eleuterio Bahamondes. Ọdún mẹ́tàlélógójì
ló fi ń sáré gun àtẹ̀gùn Valparaíso láìgba kọ́bọ̀,
nítorí panápaná ìlú wa kì í gbowó,
ọ̀fẹ́ ni iná ń jó wọn.
Búrẹ́dì ló ń yan lọ́sàn-án.
A máa ní, "Iná ni mo fi ń jẹun, iná náà ni mo ń pa."

Iṣẹ́ tèmi, ní ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ òkè,
ni kí n gé ọpọlọ òkú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àlùbọ́sà,
kí n rẹ ẹ́ sínú aró, kí n gbé e sábẹ́ awò.
Dókítà Quezada á tẹjú mọ́ ọn títí, á wá ní, "Otilia, wá wò ó."

Ọlọ́dẹ ń bẹ nínú ọpọlọ.
Sẹ́ẹ̀lì tín-ín-tìn-ín ni wọ́n, ẹlẹ́ka bí igi eléso,
wọ́n ń nawọ́ síhìn-ín, wọ́n ń nawọ́ sọ́hùn-ún,
wọ́n ń ti gbogbo ilẹ̀kùn wò bóyá ó dákú.
Bí ìdọ̀tí bá wà, wọ́n á gbé e mì.
Bí àlejò burúkú bá wọlé, wọ́n á figbe ta,
ibẹ̀ á gbóná, ibẹ̀ á wú, ó tán,
kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú orí àwọn tí iyè wọn ti fò lọ,
wọn ò lápá mọ́. Wọ́n ti ká ẹ̀ka wọn kò, wọ́n wú rọ̀bọ̀tọ̀,
wọ́n ṣùrù bo pàǹtí tí wọn ò lè gbé mì,
wọ́n ń figbe ta lé e lórí láti ogún ọdún,
wọ́n sì ń jẹ okùn tí ọ̀rọ̀ ń gbà ti yàrá dé yàrá.
Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora.
Ó lè jó títí kó má ké.

Mo ti rí irú èyí rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí
lọ́jọ́ tí ilé Ìyá Hortensia gbiná.
Aago méjì òru, iná ti kú.
Aago márùn-ún, wọ́n ṣì ń da omi,
àáké ń sọ̀rọ̀ lára ògiri tí iná ò fọwọ́ kàn,
pé bóyá ẹyin iná kan sá pamọ́ síbẹ̀.
Ìyá náà jókòó sórí àpótí, ó ní:
"Iná mú ilé ìdáná mi lọ. Ẹ̀yin lẹ mú ìyókù."
Bàbá mi ò fèsì. Ó sọ àáké kalẹ̀.
Òun nìkan ló sọ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Bàbá mi kì í ṣe ọba.

Dókítà ní a ò tíì mọ èyí tó ṣáájú,
bóyá pàǹtí ló pe ọlọ́dẹ,
bóyá ọlọ́dẹ ló ń ṣe pàǹtí.
Bí a bá sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́ pátá, ta ni yóò gbálẹ̀?
Ó ní oògùn ń bọ̀, bóyá,
ó wí "bóyá" yẹn bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná.

Lálẹ́ yìí mo gbé ẹ̀wù panápaná rẹ̀ wọ̀, ó bò mí dé orúnkún.
Mo kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.
"Ọ̀gá Bahamondes, iná ti kú.
Wọ́n ní kí gbogbo yín máa lọ sílé."
Ó wò mí pẹ́, bí ẹni ń wá ènìyàn nínú èéfín.
"Ó dá ọ lójú?"
"Ó dá mi lójú."
Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan,
ó gbé ìkejì mọ́ àyà, ó dùbúlẹ̀.

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀,
bó ti kọ́ mi pé kí a máa kan ògiri wò lẹ́yìn iná.
Ó tutù.
Mi ò gbà á gbọ́.