Agolo tí Bàámi Fi Sílẹ̀

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó ni ẹsẹ̀ mi ti rì.
Mo tẹ bíréèkì, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí òwú.
Mo tún un tẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Píjò tó gbà pé òun yóò dúró,
imú rẹ̀ ku díẹ̀ kó kan ọmọlanke oníṣu níwájú.
Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìn.
Mosúnmọ́lá ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀ ń làágùn?"
Mo ní oòrùn ni.
Kò sóòrùn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

Nílé, l'Ókè-Àdó, mo ṣí iwájú ọkọ̀,
mo tan tọ́ọ̀ṣì sára ike kékeré tó ń gbé epo bíréèkì.
Ohun tó yẹ kó mọ́ bí oyin
ti dú bí àgbo ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mo wá rántí agolo bàámi.
Lórí pẹpẹ ló wà, láàárín ìṣó àti bàtà ẹsẹ̀ kan,
ààbọ̀ ló kù nínú rẹ̀.
Bírò pupa, lẹ́tà gàdàgbà, ọwọ́ bàámi gan-an:
TI PÍJÒ NI. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN.
Ọdún mẹ́rin ni bàámi ti kú.
Akọ̀wé owó ni wọ́n láyé wọn.
Nílé wa, a kì í da nǹkan nù.

N kò wa ọkọ̀ náà lọ síbi kankan. Mo pe Láísì wá.
Mo gbé agolo fún un bí ẹni tó ṣe dáadáa.
Ó mì í, kò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀,
ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé òkú ẹyẹ.
"Ìgbà wo lẹ ṣí i?"
Bàámi ló ṣí i.
"Ẹ̀gbọ́n, òùngbẹ kì í tán lára epo yìí.
Ẹ dé e, ẹ ò dé e, ìrì á rí ọ̀nà wọlé.
Òjò tẹ́ ẹ rò pé orí páànù ló ń rọ̀ sí, ó ń mu níbẹ̀.
Ẹ wá ń sọ̀ l'ókè, bíréèkì gbóná, omi inú rẹ̀ hó, ó doru.
Oru lẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ rò pé bíréèkì ni."

Ó ní ẹnìkan l'Ẹ́lẹ́yẹlé bu epo ẹ́ńjìnnì sí tirẹ̀;
gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú bí ètè ẹni tí oyin ta.
Ó ní kí n ka ara ìdérí. Mo kà á: Dọ́ọ̀tì mẹ́rin.
"Bí ọlọ́jà Gáàtì bá ní kẹ́ ẹ gba márùn-ún, pé òun ló ga jù,
ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.
A ò wá gíga. Èyí tọ́kọ̀ ń jẹ là ń wá."

Mosúnmọ́lá gun ìjókòó bàámi, ó na ẹsẹ̀ títí.
Láísì dùbúlẹ̀ sídìí táyà ẹ̀yìn, èyí tó jìnnà jù.
"Tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́.
"Má gbẹ́sẹ̀ o." Kò gbẹ́sẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́nu rọ́bà, ó ń hó bí ọṣẹ,
dúdú, dúdú,
àwọ̀ tíì,
oyin.
Ẹ̀kán kan ta sára ọkọ̀; Láísì sáré bu omi lù ú.
Ó ti jẹ ọ̀dà ná. Ojú àpá náà kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ.

Ó da ti bàámi sínú dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí rẹ̀.
Mo wo ibòmíràn.
Mo gba agolo òfìfo padà, mo gbé e sípò rẹ̀,
mo mú bírò pupa, mo kọ ọjọ́ náà sábẹ́ ọwọ́ bàámi:
ọdún méjì sí òní, kí a tún un pààrọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, a tún sọ̀ ní Mápó.
Mo tẹ bíréèkì níbi tí kò sí ohunkóhun lọ́nà.
Ó le.
"Bàbá, kí lẹ rí?"
Mo ní mo kàn ń kí ẹnìkan ni.