Ẹyinjú Inú Àwo

Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń dé odò-ẹran,
kúlà lọ́wọ́, yìnyín nínú kúlà.
Rábíù alápatà ti mọ̀ mí, Ìyá Olójú ló ń pè mí.
Màlúù méjì, ojú mẹ́rin.
Kò gbowó. Ó ní, ta ní í fi ẹyinjú san gbèsè?

Ní láàbù wa l'Ákùrẹ́, lẹ́yìn igi tíìkì,
mo bó awọ dídán tó wà níwájú ojú, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Létí ibi tí dúdú ti pàdé funfun
ni mo ti ṣa sẹ́ẹ̀lì,
mo gbìn wọ́n sínú àwo tí kò ju ìdérí ìgò lọ.
Omi tí mo fi ń rin wọ́n wọ́n ju bẹntiróòlù.
Ọjọ́ kẹta, wọ́n fọwọ́ kan ara wọn.
Ọjọ́ kẹwàá, mo gbé àwo lé ìwé ìròyìn,
mo sì ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ já.

Lẹ́yìn náà iná lọ. Dísẹ́ẹ̀lì tán.
Kí Adéparúsì tó gbé kẹ́ẹ̀gì dé,
méjìlélógún ti bàjẹ́.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: kú, kú, kú.
Ọ̀jọ̀gbọ́n fi bírò pupa fagi lé e:
“Kọ ọ́ pé, kò ṣeé lò.”

Ìdànrè ni bàbá mi wà.
Oògùn kòkó ló tú sí i lójú, mo wà ní ìwé mẹ́fà,
ojú ọ̀tún funfun bí ìkùukùu orí òkè láàárọ̀.
Ti òkè a máa ká bí oòrùn bá yọ.

Mo mú un wá ní Sátidé.
Ó fi ojú òsì wo inú awò, ó dákẹ́ pẹ́.
“Ṣé ó ń rí mi?”
Rárá, Bàbá. Kò sí ọpọlọ lẹ́yìn rẹ̀.
“Ṣé èmi lẹ máa gbé e fún?”
Rárá. Oògùn la ó máa kán sí i,
ká mọ èyí tó ń jóni
kó tó kan ojú ọmọ ẹnìkan.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
“Á jẹ́ pé òun ló ń bá ojú jìyà.”
Ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu awò náà.
Nígbà tó ń lọ, kò kí mi pé ó dàbọ̀.
Àwo ló kí.

Lálẹ́ mo kọ nọ́ńbà sára àwo tuntun: mẹ́tàlélógún.
Mo tilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Mo pa iná.
Mo dúró díẹ̀ sí i nínú òkùnkùn,
bí ẹni tí wọ́n ń wò.