Ìbò Mẹ́tàdínlógún

Ní Łódź, níbi tí èéfín ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ti kú
kí wọ́n tó bí mi,
yàrá méjì ni a ní, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin:
èmi, màmá tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn,
àti ìyá àgbà Bronisława pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀
tó máa ń wúkọ́ bí ẹni tó gbé eruku mì.

Mo ní ọmọláńgidi kan nínú kọ̀ǹpútà.
Lukrecja ni mo sọ ọ́.
Ojú rẹ̀ tóbi ju ti ènìyàn lọ, kì í ṣẹ́jú,
òtútù kì í mú un,
àpótí aṣọ rẹ̀ kún ju ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.
Mo ń wọṣọ fún un kí n tó wọ tèmi.

Alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń dìbò.
Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ayaba ọ̀sẹ̀,
wọn a gbé ọmọláńgidi rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ kí.

Háà, ìbò! Mo tọrọ rẹ̀ bí ẹni tọrọ iyọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò.
Mo kọ̀wé sí ọmọ Lisbon kan tí n kò mọ ojú rẹ̀:
"Dìbò fún mi, n ó dìbò fún ọ."
Mo kọ ọ́ sí igba ènìyàn, títí ìka mi fi ń ro mí.
Mo yin aṣọ tó burú bí àkísà:
"Ó rẹwà, ó rẹwà, má gbàgbé mi o."
Irọ́ ń yọ́ lẹ́nu mi bí súìtì.

Ṣùgbọ́n Ottilie ará Linz wà níbẹ̀,
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti ń jókòó sórí ìtẹ́.
Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló ń fi káàdì báǹkì ra ìràwọ̀ fún un.
Wọ́n ní ọgbọ̀n ọmọláńgidi ló dá sílẹ̀
tí wọ́n ń dìbò fún un lóru.
Wọ́n ní, wọ́n ní.
Èmi náà wà nínú àwọn "wọ́n".

Ní oṣù Kejì, tí yìnyín dí fèrèsé wa lójú,
mo bọ́ gbogbo ohun dídán lára Lukrecja.
Mo gbé kóòtù iṣẹ́ wọ̀ ọ́, aláwọ̀ eérú, bọ́tìnnì mẹ́fà,
àpò kan fún àlùmọ́gàjí,
irú èyí tí ìyá àgbà wọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
nídìí òfì onírin.
Mo rò pé ojú wọn yóò ṣomi.
Ọmọ kan ní, "Ṣé agbálẹ̀ nìyí?"

Mo fa ìyá àgbà jókòó.
Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé eku kọ̀ǹpútà,
ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti gún títí ó fi le bí awọ.
Ó wo Lukrecja.
Ó wo ọmọláńgidi Ottilie nínú gáwùn aláwọ̀ ewé.
Ó pẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tí ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
"Ta ló gé èyí? Wo èjìká rẹ̀.
Wo bí etí aṣọ ṣe wálẹ̀ láìfà.
Ọmọ yìí mọ ohun tí aṣọ ń ṣe."
Ó tẹ̀ ẹ́, kò!
Ottilie ló dìbò fún.

Ariwo tí mo pa! "Kóòtù yín mà nìyẹn!"
Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.
"Mo mọ̀ ọ́n. Ó há mi lábíyá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Bó ṣe há mi náà lo ṣe yà á."

Ìbò mẹ́tàdínlógún ni mo ní.
Ottilie ní ẹgbàajì ó lé ẹyọ kan.
Mo mọ ẹni tó ni ẹyọ kan yẹn.

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn.
Ottilie, eré náà ti kógbá wọlé,
Lukrecja ti bá a lọ tòun tàpótí,
ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ti dọ̀dọ̀ mi, kò wúkọ́ mọ́.
N kò kí ọ rí.
Èjìká gáwùn yẹn dára.
O kú iṣẹ́.