Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Èmi ni mo ń tan iná náà.
Àwọ̀ ewé: máa sọ̀rọ̀.
Pupa rúsúrúsú: kádìí ọ̀rọ̀ rẹ.
Pupa fòò: ó tó.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ ní Ọ̀gọ́sítà,
nínú yàrá ìgbìmọ̀ ìṣúná ìpínlẹ̀ Méènì.
Mi ò dìbò, mi ò jiyàn,
ìka kan péré ni ìjọba gbà síṣẹ́ lára mi.

Lọ́dún yìí, lẹ́tà dé láti Wáṣíńtìnì.
Ẹni tí a jọ gbé ìtì igi ti ju orí tirẹ̀ sílẹ̀,
kò tilẹ̀ kígbe pé òun fẹ́ jù ú.
Ìwúwo ò dín. Èjìká ló dín.

Ló bá di ìṣirò:
iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín má gbé ọkọ̀ ṣubú,
owó tíṣà, owó ọgbà ẹ̀wọ̀n,
káàdì ìlera àwọn tí owó oṣù wọn ò tó ra ìlera.
Òfin wa ò sì gba gbèsè.
Alága, Ìyáàfin Prouty, fi gèlè ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní:
"Kúbùsù kan ni. Bí a bá fi borí, ẹsẹ̀ á yọ."

Ni Armand Cyr bá dìde, agégẹdú láti òkè àríwá,
ó ti fi wákàtí márùn-ún wakọ̀ nínú òkùnkùn.
Ìka mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀,
mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi di fìlà rẹ̀ mú.
Kò mú ìwé dání.
Mo tan àwọ̀ ewé.

"Kíndìnrín Delphine ìyàwó mi ti daṣẹ́ sílẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ ń gbé e lọ
síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.
Mo rí i nínú ìwé yín pé ẹ ò gé ẹ̀rọ. Mo dúpẹ́.
Bọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ gé.
Àádọ́rin máìlì ló wà láàárín àwa àti ẹ̀rọ."

Pupa rúsúrúsú. Kò rí i.
Ó ti ń sọ̀rọ̀ ajá wọn,
tó máa ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀sì dé etí afárá,
táá jókòó sórí yìnyín níbẹ̀
títí bọ́ọ̀sì á fi padà dé.
Nínú ọkàn mi ni mo ní: Bàbá, ẹ fi ajá sílẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀!
Ó ní ajá náà kì í gbó.
Mo tẹ pupa.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni.
Ohùn tirẹ̀ balẹ̀, kò fọ́,
ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì àwọn aṣòfin,
kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.
"Ẹ ṣé," ni alága wí. "Ẹni tó kàn."

Lóru ọjọ́ kẹta, wọ́n dìbò.
Iyọ̀ títì yè é. Ẹ̀rọ yè é.
Ìtọ́jú eyín àgbàlagbà lọ, awò ojú lọ.
Bọ́ọ̀sì di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.
Wọ́n pe ìyẹn ní àdéhùn, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.
Wọn kì í ṣe ìkà, mo mọ̀ wọ́n.
Mo gbọ́ bí Ìyáàfin Prouty ṣe ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀
tí omi ń dà, tí omi ń dà,
ó ju ti ẹni tó ń fọwọ́ lọ.

Mo délé, mi ò tan iná.
Mo jókòó, mo ń ka ìka mi: mẹ́wàá, ó pé.
Ìbá ṣe pé mo fi ọ̀kan dá dúró díẹ̀...
Kí ni ìṣẹ́jú kẹrin ì bá sì sọ?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ajá kan á sá dé etí afárá.
Ta ni yóò sọ fún un
pé Jímọ̀ ti kúrò nínú ìṣúná?