Ìṣirò Ráímì

Ráímì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pikọ́ọ̀pù:
tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ ni ìwé ọkọ̀ ní ó lè fà.
"Ẹ má tíì yọ̀. A ò tíì yọ nǹkan kan."
Ó yọ ara rẹ̀. Ó yọ Sùbúọlá ìyàwó rẹ̀,
jáàkì, kẹ́ẹ̀gì dísù méjì,
ó wá yọ tírélà fúnra rẹ̀, irin òfìfo.

Èyí tó ṣẹ́kù ò gba ẹ́ńjìnnì bàbá mi,
Lísítà tó fi la pákó l'Ókè-Baálẹ̀
títí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ̀.

Mo ní, "Ṣebí díẹ̀ ló fi lé?"
Ó nawọ́ sí ìdagẹ̀rẹ́ tó wà níwájú wa.
"Fífà kọ́ niṣòro, àbúrò. Dídúró ni.
Bó o bá ń sọ̀ níbẹ̀ yẹn,
ẹrù ni yóò máa wa awakọ̀."

A tú u sí méjì.
Wíìlì ńlá lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ara tó kù di Ọjọ́rú.
Mo fẹ́ jókòó tì í; Ráímì ní kí n sọ̀ kalẹ̀,
òun ò kà mí mọ́ ọn.
Mo fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e dé Ìta Olóòkan.

Òjò ti fọ ìṣirò náà.
Ìwọ̀n Sùbúọlá nìkan ló kù lára ilẹ̀kùn,
ó sì ń bínú dòní: òun ò wúwo tó bẹ́ẹ̀.