Ọ̀gá Kò Sùn

Àlàmú kí mi lánàá lẹ́yìn ìpàdé: "Ẹ káàsán, mà."
"Mà" lásán.
Kò fi "ọ̀gá" kún un bó ti máa ń ṣe.

Aago méjì òru, Òkè-Àdó dákẹ́,
jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti jẹ epo rẹ̀ tán.
Èmi ń kọ́lé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:
mo fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, mo kan páànù,
mo kó olùkọ́ mọ́kàndínlógún sí pálọ̀ rẹ̀,
wọ́n jókòó, wọ́n ń bẹnu àtẹ́ lù mí.
Mo tilẹ̀ dá ohùn akọ̀wé mọ̀ láàárín wọn.

Ìyá mi rí ọdún tí Ògùnpa ya wọlé.
Ó ní odò kọ́ ló kọ́kọ́ ṣẹ̀,
àwa la ń da ilẹ̀ sí i lọ́nà,
agbọ̀n kan lónìí, agbọ̀n kan lọ́la.

Ilẹ̀ mọ́. Àlàmú dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì.
"Eyín ni, ọ̀gá. N kò lè la ẹnu lánàá."
Ilé tí mo fi òru kọ́ wó,
eruku rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ.

Akọ̀wé kọjá, kò wojú mi.
Ọwọ́ mi ti ń wá búlọ́ọ̀kù.
Mo pè é padà:
"Wúràọlá, ṣé kò sí?"