Ẹ̀tàlá

Láwàní aláwọ̀ aró ló kọ́kọ́ wọ kíláàsì,
kí ọkùnrin náà tó tẹ̀ lé e wọlé.
"Àlááji!" la fi kí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ṣọ́ọ̀kì.
Ṣáránjìtì lorúkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò wa l'Ókè-Ọmirù,
ará Púnjábù, irùngbọ̀n rẹ̀ kò mọ abẹ rí.

Ó ní olùkọ́ mẹ́wàá ló ṣáájú òun, Gúrù ni wọ́n ń jẹ́.
Àkọ́kọ́ wọn, Nánákì, ṣọ́ àká ìjòyè kan rí.
Ó ń wọn ọkà: ení, èjì, ẹ̀ta…
Ó dórí ẹ̀tàlá, ahọ́n rẹ̀ há síbẹ̀,
torí lédè wọn, ẹ̀tàlá àti "tìrẹ" jọ ń dún bákan náà.
Tìrẹ, Olúwa. Tìrẹ, ìwọ tébi ń pa.
Ọkà ń lọ, kò ka ẹ̀rìnlá.

Òṣómàáló ni bàbá mi.
Ó ti lóṣòó de onígbèsè láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀fà;
"tèmi" ló kún ìwé rẹ̀ bámúbámú.
Mo sọ ìtàn náà fún un nídìí iyán.
Òkèlè dúró lọ́wọ́ rẹ̀: "Àká yẹn ò gbẹ?"
Mo lọ bi tíṣà. Ó ní wọ́n ka ọkà náà, kò dín.
Bàbá mi pòṣé: "Wọn ò kà á dáadáa ni."

Ìkẹjọ wọn, ọmọdé ni, kò ì pé ọdún mẹ́jọ.
Nígbà tí ilẹ̀ gbóná ní Délì, táwọn àgbà ń sá,
òun ló ń gbómi tọ aláìsàn lọ,
títí ilẹ̀ gbígbóná fi mú òun náà.
Ìyá mi, tó sin àbúrò méjì lọ́dún olóde,
bi mí lórúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí Jeremáyà àti Mùdáṣírù jà
nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí,
tíṣà ò nà wọ́n. Ó ní ìkẹsàn-án fi orí rẹ̀ lélẹ̀
fún ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ó padà sídìí ìṣirò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ó se ẹ̀wà lágbàlá,
ó tẹ́ ẹní: ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbépòó.
Bàbá mi dé, ó lóṣòó bíi tàtẹ̀yìnwá.
Tíṣà na ẹní sí i: "Ẹ jókòó, bàbá.
Kò sẹ́ni tó jẹ yín ní gbèsè níbí."

Lálẹ́ mo gbọ́ ọ nídìí ìwé gbèsè, ó ń kà.
Ó dórí ẹ̀tàlá, ó dákẹ́.
Ó wúkọ́.
"Ẹ̀rìnlá," ló wí,
ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.